Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Ọkọ̀ Onígi àti Tírélà Onípákó

Ilé Aláwọ̀ Ewé,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ,
Òpópó Etí Omi.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Èbúté,
Ọ́fíìsì Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ojúde Èbúté.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ ṢÍ ÌDAGẸ̀RẸ́ ÀTIJỌ́ FÚN ỌKỌ̀ ONÍGI TÓ Ń GUN TÍRÉLÀ ONÍPÁKÓ

Mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú yín ni mo mọ̀ láti ẹ̀yìn ju láti iwájú lọ, nítorí pé èmi ni onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. N kò ní sọ ẹni tó máa ń ké bí ewúrẹ́ nínú yín lọ́mọdé bí abẹ bá ti sún mọ́ etí rẹ̀. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni mo ń kọ.

1. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Òfin tí ẹ lẹ̀ mọ́ gééti níbẹ̀rẹ̀ ọdún sọ pé tírélà onírọ́bà nìkan ló gbọ́dọ̀ máa gbé ọkọ̀ wọ omi ní èbúté wa. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìyàwó mi, ẹ tún fi ìwé ṣọwọ́ sí mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tó bá ṣì wà lórí tírélà. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ yọ ọkọ̀ wa sílẹ̀ nínú òfin méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí á máa lo ìdagẹ̀rẹ́ àtijọ́, ọ̀nà kọnkéré tó da gẹ̀rẹ́ wọ omi lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, èyí tí ẹ fi ṣéènì dí. Bí ẹ bá ti gbà báyìí, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù, ẹ lọ jẹun ọ̀sán yín. Bí ẹ kò bá tíì gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

2. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo yín ló ní ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ìwé kékeré ni mo kà, ìyàwó mi ló sì kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ omi. Tírélà tí mò ń wí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì kiri ojú títì. Èyí tó kéré ni, tí a máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti fi wọ́ ọkọ̀ ojú omi láti ilé dé èbúté. Oríṣi méjì la ní níbí. Onírọ́bà ní àwọn rọ́bà róbótó tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá ti tú ìkọ́ tó di imú ọkọ̀ mú báyìí, ọkọ̀ á yọ̀ lọ, kódà bí omi kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Onípákó ní pákó gígùn méjì tí a fi kápẹ́ẹ̀tì wé, ọkọ̀ á sì sùn lé e láti imú dé ìdí. Òun kì í yọ̀. Ẹ tú ìkọ́ rẹ̀, ẹ lọ kí ẹbí yín, ẹ padà dé, ibẹ̀ lẹ máa bá a. Àfi bí omi bá gbé e nìkan ló tó ń kúrò.

3. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣòfin, n kò sì bá yín jà sí i. Nítorí pé onípákó ń fẹ́ omi tó jìn, ẹni tó bá ń lò ó ní ìdagẹ̀rẹ́ tuntun tí a ń lò báyìí ní láti ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn títí ìdí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ́ tuntun yìí tẹ́ jù, kọnkéré rẹ̀ sì parí kí omi tó jìn, ẹrẹ̀ ló kù. Ìṣojú wa ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dókítà eléyín, aládùúgbò wa, ṣe rì síbẹ̀ dé fèrèsé. Gbogbo wa la fi okùn fà á. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé, “Dókítà, eléyìí kò ṣeé fi ẹ̀mú yọ o.” Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni. Ó lọ ra tírélà onírọ́bà. Ike líle ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀, rọ́bà kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Fún un, òfin yín tọ̀nà. Bí gbogbo ọkọ̀ bá jẹ́ bíi tirẹ̀ ni, n kì bá tí fi pẹ́ńsù kan ìwé yìí.

4. Ọkọ̀ tiwa jẹ́ ti igi. Bàbá ìyàwó mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tu èèyàn sọdá omi yìí, ló kàn án, ọmọ rẹ̀ ló sì kàn án fún, kì í ṣe èmi. Ó sọ ọ́ lójú mi pé onígbàjámọ̀ kò nílò ọkọ̀, omi kò nírun. Pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ, ó sì ti dàgbà. Bí ẹ bá gbé e lé orí rọ́bà, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á wà lójú kan níhìn-ín, lójú kan lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ẹ bá ní kí arúgbó sùn lórí òkúta. Ibùsùn tó tẹ́jú ló ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wẹ́dà tó wà ní ìkóríta ṣe tírélà onípákó fún wa. Kápẹ́ẹ̀tì tí a fi wé e ni èyí tó wà ní pálọ̀ wa nígbà tí àwọn ọmọ wa ń rákòrò. Ìyàwó mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé e. Ó ní ohun tí kò ha àwọn ọmọ òun lórúnkún, kò lè ha ọkọ̀ bàbá òun.

5. Láti ìgbà tí egungun ìbàdí ìyàwó mi ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, kò lè gbé ẹsẹ̀ láti orí afárá pákó tó wọ inú omi bọ́ sínú ọkọ̀ tó ń mì. A gbìyànjú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wà lórí afárá, èkejì wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ń lọ síbi tó ń lọ. Mo bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Nítorí náà la fi wá ọgbọ́n mìíràn, torí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A máa ń gbé àkàbà kékeré tó fi ń mú ìkòkò lórí pẹpẹ ní ilé ìdáná dání. Lókè ìdagẹ̀rẹ́, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí ọkọ̀ kò ti lè mì, yóò gun àkàbà, yóò jókòó sí iwájú, yóò tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Èmi á wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, màá máa wà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Kò tún sí pé òun ló ń lọ bá omi mọ́. Omi ló ń wá bá a.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un nínú ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fún un. Kò lè tù ú mọ́, kò sì lè fa okùn ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n òun ló ń tú ìkọ́. Kí n tó wakọ̀ sẹ́yìn rárá ni yóò ti na ọwọ́ síwájú, yóò tú u, yóò sì ké sí mi pé, “Ó ti yá, Bàbá wọn, ẹ̀yin là ń dúró dè.” Lórí onípákó, kò séwu níbẹ̀, torí ọkọ̀ kì í kúrò. N kò sì jẹ́ gba ìkọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé.

6. Nígbà tí òfin yín jáde, a tẹ̀ lé e. Dókítà eléyín yá wa ní tírélà rẹ̀, kò tilẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀mú. Ọ̀gá Gééti, ẹni tí ẹ fi ṣọ́ ibẹ̀, wá wò wá. Ó bi wá léèrè bí ẹrù wa ṣe wúwo tó: ọkọ̀, ẹ̀rọ, pẹtiróòlù àti èèyàn, kó lè mọ̀ bóyá tírélà náà gbà á. Ìbéèrè gidi ni; tírélà tí kò tó ẹrù rẹ̀ á dá ni lẹ́sẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Mo sọ ti ọkọ̀. Mo sọ ti ẹ̀rọ. Nígbà tó kan ti ìyàwó mi, ìyàwó mi fúnra rẹ̀ yíjú sí mi. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ kọ iye tó bá wù yín síbẹ̀, kí n lè rí ilé padà sí lónìí.” Ìyàwó mi ní kí ó kọ ìwúwo ẹnu mi sílẹ̀, pé ìyẹn nìkan ti ju agbára tírélà lọ.

Ó gun àkàbà, ó jókòó, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Mo wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ó ké sí mi bó ṣe máa ń ké. Ẹ̀yin Ọ̀gá, àwa méjèèjì ti pẹ́ jù lójú ọ̀nà kan náà. Òun tú ìkọ́ bó ti ń tú u, èmi náà wakọ̀ sẹ́yìn bí mo ti ń ṣe, kò sì sí ẹni tó rántí nínú wa pé rọ́bà ló wà lábẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Bí tírélà ti dorí kọ ìsàlẹ̀, mo wo dígí, mo rí ìyàwó mi tó ń jìnnà sí mi. Ó jókòó gbọnrangandan, ó di báàgì rẹ̀ mú, bí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ bọ́ sórí kọnkéré gbàmù. Omi ṣì wà lọ́hùn-ún níwájú.

Mo sáré. Ọ̀gá Gééti ti ká ọwọ́ lérí. Ìyàwó mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Bàbá wọn, kí lẹ dúró ṣe? A ò tíì dé.” Ó tún yíjú sí Ọ̀gá Gééti, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Kò fara pa rárá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ tó fi tú ìkọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n dì í mú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo pákó ìsàlẹ̀ tó là, ó fi ìka tọ ojú rẹ̀. Ó ní, “Èmi ni mo ṣe é.” Mo wá gbogbo àwàdà inú àpò mi, n kò rí èyí tó ṣeé lò.

7. Káfíńtà ti tún pákó náà ṣe, kò jò mọ́. Ìwé yín sì dé. Ẹ kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ ní ẹ̀mí wa lẹ ń rò, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa dá gbé ọkọ̀ wọ omi, kí n wá máa gbé ìyàwó mi lórí afárá. Ẹ̀yin Ọ̀gá, orí afárá yẹn gan-an ni kò ti lè wọlé. Ó dà bí ìgbà tí ẹ sọ fún ẹni tí kò léyín pé kó máa jẹ eegun, pé ẹran ló léwu.

8. Ẹ lè bi mí pé kí ni arúgbó méjì ń wá lórí omi. A kò lọ pẹja. Ẹja ibẹ̀ ti mọ̀ mí, wọn kò kà mí sí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin là ń lọ rí. Òdìkejì omi gan-an ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Màmá Òdìkejì, bẹ́ẹ̀ òun náà ń pe àwa ní ará òdìkejì. Àwọn méjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Lórí omi, kí n tó sọ ìtàn kan tán a ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá gba títì, a ní láti yí lọ sí ibi tí afárá ọkọ̀ wà, ọ̀nà náà sì kún fún kòtò. Dókítà egungun ti ní ìyàwó mi kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mọ́. A lọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òfin yín. Ó sunkún lọ, ó sunkún bọ̀, ó sì fẹ̀sùn kàn mí pé èmi ni mò ń wá kòtò kiri. Màmá Òdìkejì kò lè wá bá wa. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò sì dá wọ ọkọ̀.

Fóònù wà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn méjèèjì kì í dákẹ́ fún ara wọn: eléyìí ń sọ̀rọ̀, tọ̀hún ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ bínú pé ẹnì kejì kò fetí sílẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó sójú kan, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀kan á wà lórí itan èkejì, ọ̀rọ̀ á sì yé wọn.

9. Ohun kan tún wà tí ìyàwó mi ní kí n má kọ. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń bá a di irun. Kò sí ọwọ́ mìíràn tó wọ orí rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ yẹn kò dí i lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ ló fi ń ríran. Láti ìgbà tí a kò ti lè sọdá mọ́, gèlè ni ìyàwó mi ń wé ṣáá, nínú ilé àti lójúde. Mo ní kó jẹ́ kí a pe onídìrí tó wà ní àdúgbò, ó ní rárá. Mo ní èmi náà oníṣẹ́ orí ni. Ó ní iṣẹ́ tèmi ni kí n gé e dànù. Nígbà tó yá, àánú mi ṣe é, ó jókòó sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo ti gé irun alága, mo ti gé ti ọlọ́pàá, ọwọ́ mi kò gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo parí, apá kan dìde dúró, apá kejì sùn, ìlà tí mo là láàárín sì ṣẹ́ kọ́rọ́ lọ sí ẹ̀yìn etí. Ó wo dígí títí. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni yóò rín tàbí ẹkún ni yóò sun. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá wọn,” ó sì wé gèlè rẹ̀ padà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́ báyẹn rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, tí mo fi wá bébà.

10. Ìdagẹ̀rẹ́ àtijọ́ tí mò ń tọrọ, àwọn oníyanrìn ló ń lò ó kí wọ́n tó kó lọ. Ó da gẹ̀rẹ́ dáadáa, kọnkéré rẹ̀ kò tíì fọ́, omi sì jìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó gba ọ̀pá náà, kò sì dá a padà. Tírélà onípákó lè gbé ọkọ̀ wọlé níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tutù. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù ní ìdagẹ̀rẹ́ tuntun kò sí níbẹ̀.

N kò ní kí ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ojú mi. Mo ṣèlérí pé a ó so okùn kejì mọ́ imú ọkọ̀, Ọ̀gá Gééti ni yóò sì di okùn náà mú títí ọkọ̀ yóò fi léfòó. Mo ti bá a sọ ọ́, ó gbà, ó ní bí òun bá tún rí irú ohun tó rí lọ́jọ́sí, òun á fiṣẹ́ sílẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì yóò wà lọ́rùn ìyàwó mi kó tó gun àkàbà. A kò ní lo ibẹ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà, a kò sì ní wá ní òpin ọ̀sẹ̀ tí èrò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i kí ẹ tó gbà, ẹ rán ẹnì kan wá; kí ó wá dúró, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò bí ọkọ̀ ṣe ń sùn jẹ́jẹ́ lórí pákó.

Ẹ̀bẹ̀ kan péré ló wà lórí rẹ̀: ẹ má ṣe ní kí Ọ̀gá Gééti gba iṣẹ́ ìkọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi tú u fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti já bọ́, ó ti ń sọ pé òun kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Mo fẹ́ kí ó tún un tú lórí pákó tiwa, kí ó rí i pé ọkọ̀ kò kúrò.

11. Fèrèsé ọ́fíìsì yín kọjú sí òdìkejì omi. Ní àárọ̀ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, bí ẹ bá wòta, ẹ ó rí àga kan létí omi lọ́hùn-ún, àgbà obìnrin kan á sì wà lórí rẹ̀. Màmá Òdìkejì nìyẹn. Wọ́n ti sọ fún un pé a kò lè wá, ó ní òun gbọ́, ó sì tún jáde. Ẹ̀yin Ọ̀gá, títí ẹ ó fi dá wa lóhùn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe juwọ́ sí i. Kò lè mọ ẹni tó ń juwọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá ti rí ọwọ́ tó ń mì lẹ́bàá ibí, yóò rò pé àbúrò òun ló ń bọ̀, yóò dìde, yóò sì lọ mú ìyarí.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi dópin.

Èmi ni tiyín tìfẹ́tìfẹ́,

Bàbá Onígbàjámọ̀,
Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́.